Ta Ni Oníbodè Ọjà Nàìjíríà?

Lọ́dún 2022, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan yà sí ilé oúnjẹ kan n'Íkẹjà. A jẹ ìrẹsì, a jẹ ẹja yíyan, a sì fi nǹkan tútù lé e. Nígbà tí rìsíìtì dé, oúnjẹ wa jẹ́ ₦10,000, àmọ́ ₦11,250 ni wọ́n ní ká san. Ìlà méjì ló wà láàárín iye méjèèjì. Èkíní ni VAT, ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ₦750. Èkejì ni owó orí tí ìpínlẹ̀ Èkó ti ń gbà lórí jíjẹ àti mímu láti ọdún 2009, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ₦500. Ọ̀rẹ́ mi pe ọmọbìnrin tó gbé e wá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹja kan ṣoṣo yìí náà lẹ gba owó orí lé lẹ́ẹ̀mejì?" Ọmọbìnrin náà fi ìka tọ́ ìwé náà: "Ẹ̀gbọ́n, ti Abuja ni ti òkè yìí, ti Aláúsá ni ti ìsàlẹ̀. Àwa kàn ń bá wọn gbà á ni."

Mi ò tíì gbọ́ lọ́yà tó ṣàlàyé ètò ìjọba wa ní kúkúrú tó bẹ́ẹ̀. Ẹja tí wọ́n yan n'Íkẹjà, tí a jẹ n'Íkẹjà, tí ológbò ilé oúnjẹ náà jẹ egungun rẹ̀ n'Íkẹjà, ọ̀nà wo ló gbà di ti Abuja? Ibo gan-an ni agbára ìjọba àpapọ̀ lórí òwò parí sí, ibo sì ni ti ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn olóṣèlú ti ń pariwo àtúntò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àtúntò jẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ rìsíìtì.

Ìbéèrè náà dàgbà ju Nàìjíríà lọ. Láyé àwọn baba wa, bodè wà lára ohun tí ìlú fi ń jẹun. Oníbodè á jókòó sẹ́nu odi. Ẹni tó ru epo, ẹni tó ru aṣọ, kálukú á sọ owó ẹyọ sílẹ̀ kó tó kọjá. Ìbàdàn lágbára ogun, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀nà tirẹ̀ sí òkun. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló wà láàárín òun àti Èkó, nígbà tí wọ́n bá sì ti ọ̀nà pa, iyọ̀ á wọ́n n'Íbàdàn, ẹ̀tù ìbọn á sì di ohun àwátì. Lọ́dún 1865, ẹgbẹ́ alákòóso tí George William Johnson ṣagbátẹrù l'Ábẹ́òkúta dá ilé kọ́sítọ́ọ̀mù tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń gba owó lórí ọjà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ s'Ékòó. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, òyìnbó bá Ìjẹ̀bú ṣàdéhùn pé kí ọ̀nà là, àwọn á sì máa san £500 lọ́dọọdún fún Awùjalẹ̀ dípò owó bodè. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, àdéhùn ti fọ́, ìbọn sì ti dún ní Ìmàgbọ̀n.

Àwọn ìlú tó bá fẹ́ di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo kò lè máa gba owó bodè lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n á wó bodè àárín wọn, wọ́n á sì gbé èyí tó kọjú sí òkèèrè lé ìjọba kan lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n wá gbé bodè ìta lé lọ́wọ́ yìí kì í pẹ́ tó fi ń yọjú wo inú ìyẹ̀wù.

Ìwé òfin ọdún 1999 pín iṣẹ́ ìjọba sí ọ̀nà mẹ́ta. Nǹkan 68 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Àwọn kan jẹ́ àjọni. Ohun tí kò bá sí nínú méjèèjì, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Òwò ni nọ́ńbà 62 nínú ti ìjọba àpapọ̀. Ìwé náà kò kàn dárúkọ òwò kó dákẹ́. Ó ní òwò, pàápàá jù lọ èyí tó wà láàárín Nàìjíríà àti ilẹ̀ mìíràn, èyí tó wà láàárín ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, àyẹ̀wò irè oko tí a fẹ́ kó ròkè òkun, àjọ tí yóò máa wo ojúlówó ọjà, iye owó ohun kòṣeémáànìí, àti fífi orúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

"Pàápàá jù lọ" yìí ni ìjà wà. Bí ìyá bá rán ọmọ pé kó lọ ra ata wá, pàápàá jù lọ ata rodo, ṣé ọmọ náà lè ra tàtàṣé? Lọ́yà ìjọba àpapọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni: ata ni wọ́n rán an, rodo kàn jẹ́ àpẹẹrẹ. Lọ́yà ìpínlẹ̀ á ní ká ní gbogbo ata ni ìyá fẹ́, kì bá tí fi ẹnu ara rẹ̀ ka èyí tó fẹ́.

Irú gbólóhùn yìí ti wà nínú ìwé òfin tó ṣáájú ti 1999, ìpínlẹ̀ Ògùn ló sì kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Lọ́dún 1982, wọ́n ṣòfin owó orí ọjà. Àwọn oníṣòwò, Aberuagba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìpínlẹ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ ọ̀hún sì dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lọ́dún 1985. Àwọn adájọ́ ní òwò tó ti òkèèrè wá, tàbí tó ré ààlà ìpínlẹ̀ kọjá, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí nínú ìpínlẹ̀ kan, ìpínlẹ̀ náà ló ni ín. Ṣùgbọ́n òfin Ògùn kò ya ọjà ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ọjà tó wá láti ìta, ibẹ̀ ló ti forí gbá. Ìpínlẹ̀ Ògùn pàdánù òfin rẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ tó kù sì rí ìlànà gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìlànà yẹn le ju ti Amẹ́ríkà tí a ti wo àwòkọ́ṣe ààrẹ àti gómìnà lọ. Gbólóhùn kúkúrú kan ni ìwé òfin wọn ní lórí òwò láàárín ìpínlẹ̀, àwọn adájọ́ wọn sì ti nà án bí awọ ìlù láti igba ọdún. Lọ́dún 1824, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni, láàárín New York àti New Jersey: ìpínlẹ̀ New York fún àwọn kan láṣẹ pé àwọn nìkan ni yóò máa fi ọkọ̀ oníná ná omi rẹ̀, ilé ẹjọ́ ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1935, ọ̀rọ̀ kan àwọn alápatà adìẹ ní Brooklyn. Ìjọba ààrẹ Roosevelt ti ṣòfin pé ẹni tó wá ra adìẹ kò gbọdọ̀ ṣà, èyí tí ọwọ́ bá bà nínú àgò ni kó gbà. (Ẹ wá dán òfin yẹn wò lọ́jà Bódìjà.) Ilé ẹjọ́ fagi lé e: adìẹ tó ti wọ àgò ní Brooklyn ti parí ìrìn àjò rẹ̀. Ọdún méje lẹ́yìn náà, awọ ti nà. Àgbẹ̀ kan ní Ohio, Roscoe Filburn, gbin àlìkámà sí éékà 23, bẹ́ẹ̀ éékà 11 àti díẹ̀ ni ìjọba gbà á láàyè. Ó ní adìẹ òun àti màlúù òun ló máa jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, òun náà á sì fi ṣe búrẹ́dì. Ilé ẹjọ́ ní kò burú, àmọ́ bí gbogbo àgbẹ̀ bá jẹ tiwọn, wọn ò ní í ra tọjà, iye owó ọjà á sì yí. Ó jẹ̀bi, ìtanràn rẹ̀ lé ní $117. Ó di ọdún 1995, lórí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbé ìbọn lọ sí iléèwé ní Texas, kí wọ́n tó sọ pé nǹkan kan wà tí kì í ṣe òwò. Èyí tó kàn wá jù ni ti ọdún 2012: adájọ́ àgbà John Roberts ní agbára lórí òwò kò gba ìjọba láyè láti fipá mú ènìyàn ra ìwé adójútòfò ìlera, àmọ́ agbára láti gba owó orí gbà á láyè. Ilẹ̀kùn iwájú wà ní títì, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà wọlé.

Ẹ̀yìnkùlé kan náà ni ìjọba àpapọ̀ tiwa gbà, àwọn sójà ló sì ṣí i fún un. Kí wọ́n tó dé, òwò tó gbówó lórí jù ní ilẹ̀ Yorùbá, òwò kòkó, wà lábẹ́ ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn n'Íbàdàn. Ọdún 1947 ni wọ́n dá àjọ tó ń ra kòkó sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tí òfin ọdún 1954 fún àwọn ẹkùn lágbára, ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gba ìpín tirẹ̀. Owó tó ń wọlé níbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955, òun náà ló kọ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀. A máa ń fi èyí yangàn, ó sì tọ́ ká fi yangàn, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ sọ ìdajì yòókù. Àjọ náà kì í san iye tí ayé ń ra kòkó fún àgbẹ̀. Ó ń yọ lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà dìde lọ́dún 1968, owó kòkó tó kéré wà lára ohun tó ń bí wọn nínú, pẹ̀lú owó orí, Ìbàdàn ni wọ́n sì ń bá jà. Oníbodè tó ń sọ èdè rẹ, oníbodè ṣì ni.

Lọ́dún 1977, ìjọba ológun gba àwọn àjọ wọ̀nyí lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, wọ́n sọ wọ́n di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1986, wọ́n pa wọ́n rẹ́. Lọ́dún 1993, wọ́n fi òfin ológun nọ́ńbà 102 gbé VAT jáde, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994, ó sì gbé owó orí ọjà tí ìpínlẹ̀ ń gbà mì. Kò sí ilé aṣòfin tó jókòó lé e, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ìlànà ọdún 1985. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, VAT ti wà ńlẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ sì ti ń jẹ nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìpínlẹ̀ Èkó ló ń ṣe agbẹjọ́rò fún gbogbo wa, tí àwọn gómìnà yòókù ń wo ìran. Ní 2003, wọ́n jàre lórí ètò ìlú kíkọ́. Ní 2013, wọ́n jàre lórí òtẹ́ẹ̀lì: ìjọba àpapọ̀ ní òun lòun ni ìrìn àjò afẹ́, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ó dáa, ẹ máa mójú tó lílọ bíbọ̀ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, àmọ́ ìwé àṣẹ òtẹ́ẹ̀lì àti mímọ ipò tó wà, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ní 2017, nínú ẹjọ́ tó kan Eko Hotels, ọ̀rọ̀ yí padà. Owó orí ọjà ti Èkó àti VAT bá ara wọn lórí òtẹ́ẹ̀lì kan náà, VAT ló sì borí, nítorí pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti kún orí pápá.

Ọdún 2024 ló wá yani lẹ́nu jù. Ní oṣù kìíní, wọ́n dá ẹjọ́ omi. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù, àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà, ta ló yẹ kó fún wọn níwèé àṣẹ? Ìkòròdú, Èkó ni. Erékùṣù, Èkó ni. Ọ̀sà tó wà láàárín wọn kò yà sí ìpínlẹ̀ mìíràn kó tó gúnlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló jàre, nítorí pé ọkọ̀ ojú omi ní àkọlé tirẹ̀ nínú ìwé òfin, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju ti òwò lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún tí ẹjọ́ ti wà ńlẹ̀, adájọ́ méje fohùn ṣọ̀kan pé òfin lọ́tìrì ọdún 2005 kò lè ṣiṣẹ́ ju Abuja lọ: tẹ́tẹ́ kò sí nínú nǹkan 68, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ẹni tó ń ta nọ́ńbà lábẹ́ agbòòrùn ní Mushin ti bọ́ lọ́wọ́ Abuja. Awakọ̀ ojú omi tó ń ná Ìkòròdú kò tíì bọ́. Bí mo bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ètò ìlú kíkọ́, ilé oorun àti tẹ́tẹ́ ni ìpínlẹ̀ gbà lọ́wọ́ Abuja nílé ẹjọ́. Èyí tí owó ń ya jáde nínú rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, VAT, kò tíì kúrò lójú kan.

Kì í ṣe pé ẹnìkan kò gbìyànjú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Port Harcourt dá ìpínlẹ̀ Rivers láre pé owó orí tí ìwé òfin dárúkọ fún ìjọba àpapọ̀ kò ju ti owó tó ń wọlé fúnni, èrè, èrè orí dúkìá àti sítáǹbù lọ. VAT kò sí níbẹ̀. Kí oṣù tó parí, Rivers ti ṣòfin VAT tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án, gómìnà Èkó fọwọ́ sí tiwọn. Lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí i yẹn gan-an ni Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí gbogbo ènìyàn dúró síbi tó wà. Àwọn ìpínlẹ̀ tí wọn kò ní ilé iṣẹ́ púpọ̀ ti ń láàgùn. Wọ́n ní bí Èkó bá kó tirẹ̀ lọ, kí ni àwọn á fi san owó oṣù? Àwọn ará gúúsù náà dáhùn pé àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí ẹ̀ṣọ́ ìjọba ń fọ́ ìgò bíà ní gbangba, tí wọ́n sì ń jókòó de ìpín tiwọn nínú VAT tí bíà mú wá. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò tó ẹ̀rí. Púpọ̀ nínú VAT tí Èkó ń pè ní tirẹ̀, ọ́fíìsì àgbà àwọn ilé iṣẹ́ ló san án l'Ékòó. Ẹni tó lo fóònù tàbí tó ra sìmẹ́ńtì náà lè wà ní Gusau.

Nípa bodè ìta, kò sí àríyànjiyàn. Nígbà tí ìjọba Buhari ti ẹnubodè ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Ṣẹ̀mẹ̀ àti Ìdí-Ìrókò dákẹ́, àwọn ìyálọ́jà tí ẹbí wọn wà ní Kútọnu àti Pọ́tónófò wà lójú kan títí ìparí ọdún 2020 ó kéré tán, láìka àdéhùn ECOWAS sí. Gómìnà kankan kò lè ṣí i, ilé ẹjọ́ kò sì ṣí i.

Ti inú ilé ni kí ẹ wá wò. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tòmátì kan tó ń bọ̀ láti òkè ọya, kí ẹ ka sítíkà tó wà lára gíláàsì iwájú rẹ̀. Pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ yẹ́lò, ọ̀kan lórí èkejì, ti ìpínlẹ̀ yìí, ti ìjọba ìbílẹ̀ tọ̀hún, títí awakọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ kó tó rí ọ̀nà. Níbi tí sítíkà kò bá pé, àwọn ọmọkùnrin tó mú pákó onísòó dání á fò bọ́ sójú títì. Láti ọdún 1998 ni òfin ti wà pé ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ owó orí, kò gbọdọ̀ dí ojú ọ̀nà láti gba owó orí. Awakọ̀ kan tí mo bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ lè bá mi kọ ọ́ sórí ìwé kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwọ̀nyí?"

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn alátùúntò rèé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bíi pé Abuja nìkan ni oníbodè, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ fi agbára rẹ̀ lórí òwò ṣe gan-an, kí ọ̀nà láàárín ìpínlẹ̀ là, òun ló pa tì. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá n'Íbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó màlúù àti oúnjẹ wá láti òkè ọya dá ọkọ̀ dúró ní Jẹ́bà, létí odò Ọya. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àlùbọ́sà àti ẹran wọ́n l'Ékòó. Nọ́ńbà 62 wà nínú ìwé, ìpàdé ló tú ọ̀nà. Ìjọba kan náà tó mọ iye tí ẹja wa n'Íkẹjà yóò mú wá kò mọ bí yóò ṣe gbé àlùbọ́sà kọjá lórí afárá.

Ibi kan wà tí ààlà ti sún lóòótọ́, kì í sì í ṣe adájọ́ ló sún un. Tẹ́lẹ̀, ìwé òfin ní ìpínlẹ̀ lè pèsè iná mànàmáná, àmọ́ kìkì fún ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò bá dé. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa mí: wáyà dé gbogbo ibi, iná ni kò dé. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n yọ gbólóhùn yẹn kúrò, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí i, òfin iná tuntun sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹfà. Láti ọdún 2024, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Èkìtì, Oǹdó àti Enugu ti ń gba àkóso ọjà iná tiwọn sọ́wọ́. Ó ti wá kan gómìnà láti fẹnu ara rẹ̀ sọ iye tí aráàlú máa san. Kò tíì sí ìpínlẹ̀ tí mo rí tó ń sáré sí apá ibẹ̀ yẹn bí wọ́n ṣe ń sáré sí ti VAT.

Òfin owó orí tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026, kò fi VAT sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún un pín ni. Ká tún padà sídìí ẹja wa. Lábẹ́ ètò àtijọ́, nínú ₦750 yẹn, ìjọba àpapọ̀ mú ₦112.50, gbogbo ìpínlẹ̀ mú ₦375, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mú ₦262.50. Bó bá jẹ́ òní la jẹ ẹ́, ìjọba àpapọ̀ á mú ₦75, àwọn ìpínlẹ̀ á mú ₦412.50, ti ìjọba ìbílẹ̀ kò yí. Nínú ₦412.50 ọ̀hún, ìdajì ni gbogbo ìpínlẹ̀ á kọ́kọ́ pín dọ́gba-dọ́gba, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún á tẹ̀lé iye orí, ìdá ọgbọ̀n á tẹ̀lé ibi tí wọ́n ti jẹ nǹkan náà. Ìdá ọgbọ̀n yẹn jẹ́ ₦123.75. Iye tí òfin gbà lórí ìpín àwọn ìpínlẹ̀ pé ó kan Ìkẹjà nìyẹn, òun náà á sì kọ́kọ́ lọ sí Abuja kó tó padà wá.

Mo fi ìṣirò náà han ọ̀rẹ́ mi. Ó wò ó títí, ó ní kí n má bínú, ta ló san owó oúnjẹ ọjọ́ náà gan-an? Mo ní òun ni.